Wáyà Méjìlá Nínú Àpò Bàbá Igbó

Wáyà tàkúté méjìlá ló wà lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Inú àpò Bàbá Igbó ni wọ́n ti rí wọn láàárọ̀ yẹn, lójú ọ̀nà odò. Bàbá Igbó fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Àtàrí rẹ̀ ti fọ́, wáyà kẹtàlá sì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélógún tú tàkúté nínú igbó ọba, tó jẹ́ pé bí ẹran bá lè sọ̀rọ̀ ni, wọn ì bá máa kí i ní bàbá, òun ni tàkúté wá pa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ́wọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe láti dáàbò bo ẹran igbó. Wọ́n ti ta kánópì sí àgbàlá, wọ́n ti to àga, ẹnì kan sì ti ń pariwo "wan, tú, wan, tú" sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti aago mẹ́sàn-án.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò gba àròjinlẹ̀," Ọ̀gá Àgbà wí. Òun ni olórí igbó ọba náà, ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ mọ́ ju ìwà rẹ̀ lọ. "Ẹni tí a ní kó ṣọ́ ẹran ló ń pa ẹran jẹ. Ó lọ dẹ wáyà, wáyà gbé e lẹ́sẹ̀, ó forí sọ òkúta. Ẹ bá mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká fagi lé ayẹyẹ, kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ló jókòó níwájú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé ó tín-ín-rín, torí pé kò sí ibi tí kì í wọ̀, àti torí pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án tí kì í gún. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bàtà rẹ̀ kì í dún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dùn.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè.

"Òfin wà nílẹ̀, mà. Ìdílé ọdẹ ìkọ̀kọ̀ ò gbọdọ̀ gbé ilé ìjọba. Mo ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kó tó di Sátidé."

"Òkú ọkọ rẹ̀ ò tíì tutù."

"Òfin ò mọ òkú tútù, mà."

Abẹ́rẹ́ wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Bí òun kò bá rí òtítọ́ kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n á fi gbohùngbohùn kéde fún igba àlejò pé olè ni Bàbá Igbó, opó á sì bá ẹrù rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó mú ọ̀kan nínú wáyà náà. Wọ́n ti fa ojú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ti fi ìrù rẹ̀ wé e lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú òmíràn. Bákan náà. Méjèèjìlá ló rí bákan náà.

"Kí ló dé tí wọ́n fi wé e báyìí?"

"Wáyà ni wáyà, mà," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣe olórí igbó, bàtà rẹ̀ ò sì tíì mọ ẹrẹ̀.

*

Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ọlọ́pàá gbé ni Ológbò, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn. Ológbò ni ọdẹ ìkọ̀kọ̀ tó burú jù ní gbogbo àdúgbò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Igbó sì ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan, kó tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó ki ọwọ́ Ológbò bọ inú wáyà Ológbò fúnra rẹ̀, ó so ó mọ́gi láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, pé kó mọ bó ṣe ń rí lára ẹran. Láti ọjọ́ náà, ìka rẹ̀ méjì ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n ti lù ú kí Abẹ́rẹ́ tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Abẹ́rẹ́ gbé ife omi sórí àga, níbi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ò lè tó, ó wá jókòó.

"Ìwọ lo pa á?"

"Ó wù mí o," Ológbò wí. "Ó wù mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n àgọ́ yín ni mo sùn, mà. Ìjà tí mo jà lánàá lẹ torí ẹ̀ tì mí mọ́lé. Aago méje àárọ̀ yìí lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Abẹ́rẹ́ wo Sájẹ́ǹtì, igbákejì rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tí inú rẹ̀ rọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé àtìmọ́lé, ó wò ó, ó pa á dé, kò sì lè gbójú sókè. Àwọn ọlọ́pàá kan náà tó tú Ológbò sílẹ̀ ní aago méje ló tún lọ gbé e ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti lù ú yó kí ẹnikẹ́ni tó rántí.

"Pẹ̀lẹ́," Sájẹ́ǹtì sọ fún un.

Abẹ́rẹ́ ò sọ pẹ̀lẹ́. Ó ju wáyà kan sí i lẹ́sẹ̀. "Kí nìyí?"

Ológbò wò ó, ó sì fi ètè tó ti bẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wáyà òkú nìyí, mà. Àwọn aṣọ́gbó ló ń ṣe é báyìí. Tí wọ́n bá tú u nílẹ̀, wọ́n á fa ojú ẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi ìrù ẹ̀ wé e lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á wá dì í ní méjìlá méjìlá, wọ́n á kà á sínú ìwé ọdọọdún wọn. Ohun tí wọ́n fi ń gba àmì ẹ̀yẹ nìyẹn. Èmi, tí mo bá ń lọ dẹ tèmi, ojú ẹ̀ á là sílẹ̀, màá sì ti gbé e sórí èéfín kí òórùn irin lè kúrò lára ẹ̀."

"Ẹni tó bá ń lọ dẹ tàkúté, ṣé ó lè kó irú èyí dání?"

"Ta ló ń kó òkú lọ sójú ogun, mà?"

Ìgbà yẹn ni Abẹ́rẹ́ tó gbé ife omi náà fún un.

*

Kí wọ́n tó wọgbó, Abẹ́rẹ́ yà sí ilé ìkẹ́rùsí. Ìdì wáyà òkú ló kún ibẹ̀, méjìlá méjìlá, wọ́n fi wọ́n kọ́ ìṣó ara ògiri. Ìṣó kan ṣófo. Ènìyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀: ẹni tó kú, Ọ̀gá Àgbà, àti Àbúrò.

Àbúrò ló mú wọn lọ sójú ọ̀nà odò. Ọmọ ìyá Bàbá Igbó ni, aṣọ́gbó sì ni òun náà. Fún ọdún méjìlélógún ló ti ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn nínú igbó, kò sì sí ẹni tó ń fi orúkọ mìíràn pè é. Télọ̀ tó rán aṣọ iṣẹ́ wọn tilẹ̀ kọ ọ́ sí i láyà gbàgàdà: Àbúrò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣìnà.

"Ẹ̀gbọ́n mi dá jáde ni," ó wí bí wọ́n ṣe ń lọ. "Aago mẹ́rin ìdájí ló jáde, ó ní kí n máa sùn. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, mà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń dá jáde."

"Kí lo rò pé ó ń lọ ṣe?"

"Ẹ̀yin náà kúkú rí àpò ẹ̀."

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ yẹn, láti aago márùn-ún sí aago mẹ́fà, gbogbo ilẹ̀ sì rin gbingbin. Ibì kan ṣoṣo ló gbẹ, ó ṣe wẹ́kú ènìyàn tó nà gbalaja. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ náà.

"Ó ti wà nílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀," ó sọ fún Sájẹ́ǹtì.

Níbi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbẹ̀, kámẹ́rà kan wà lára igi, irú èyí tí àwọn aṣọ́gbó fi ń ka ẹran, tó máa ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ohunkóhun bá kọjá níwájú rẹ̀.

"Ta ló ṣí i kẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó débẹ̀, mà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Abẹ́rẹ́ ní kó ṣí i. Dígí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo àwòrán tó wà nínú káàdì. Kò sí àgbọ̀nrín níbẹ̀, kò sí ọ̀bọ, kò sí Bàbá Igbó. Àwọn ọlọ́pàá tó wá gbé òkú ló wà níbẹ̀. Ṣáájú wọn, àwòrán kan péré ló wà, ó funfun báláú bíi pé nǹkan bo ojú kámẹ́rà mọ́lẹ̀. Aago ara rẹ̀ jẹ́ méje ku ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwòrán ọjọ́ mẹ́sàn-án ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Abẹ́rẹ́ yọ káàdì náà, ó fi í sápò.

"Ṣé káàdì òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ?"

Àbúrò fa ọ̀kan yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀.

"Bá mi fi í síbẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

Àbúrò fi káàdì sí i, ó pa ìlẹ̀kùn kámẹ́rà dé. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ojú kámẹ́rà náà. Iná pupa kan ṣẹ́jú. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì yí padà láti máa lọ.

"Kí lo ṣe yẹn?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Èwo, mà?"

"Ọwọ́ tó o gbé sókè."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Ṣé mo gbé ọwọ́ sókè? Áà. Ká fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi, àwa méjèèjì la máa ń ṣe é. Ó ti di bárakú."

"Mo gbọ́," Abẹ́rẹ́ wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, ó ní kí Ọ̀gá Àgbà bá òun fi káàdì sínú irú kámẹ́rà náà kan. Ọkùnrin náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ki káàdì bọ ibi bátìrì, ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ìyàwó Bàbá Igbó ń di ẹrù. Kò sunkún. Ó ń fi aṣọ ọkọ rẹ̀ wé àwo kí wọ́n má bàa fọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò tọrọ ilé lọ́wọ́ yín," ó wí. "Ilé, mo lè rí òmíràn. Ẹ bá mi gba orúkọ ọkọ mi lọ́wọ́ wọn ni. Èèyàn le ni, èmi tí mo bá a gbé ni mo mọ̀ ọ́n. Kò láàánú ọmọ aráyé lójú. Ṣùgbọ́n kò jalè rí."

"Ta ni kò fẹ́ kó gba àmì ẹ̀yẹ yìí?"

Obìnrin náà so ìdì kan tán kó tó dáhùn. "Ẹni tó bá a ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ fún un ni."

Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí Bàbá Igbó fẹ́ kà ní aago mẹ́rin ni. Ọkọ ló ń sọ ọ́, ìyàwó ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọwọ́ ọkùnrin náà mọ àdá ju bó ṣe mọ bírò lọ. Abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì ní kó yá òun.

*

Ní aago méjì ààbọ̀, àwọn àlejò ti ń jókòó lábẹ́ kánópì. Abẹ́rẹ́ ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọ̀gá Àgbà, Sájẹ́ǹtì, opó àti Àbúrò ló wà níbẹ̀.

"Wáyà òkú ni wọ́n bá nínú àpò," ó wí. "Ẹni tó ń lọ dẹ tàkúté ò ní kó o dání. Ẹnì kan ló já ìdì kan lórí ìṣó, ó tú u, ó kó o sínú àpò náà, ó sì fi òmíràn de òkú náà lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ti wé irú wáyà bẹ́ẹ̀ pẹ́ débi pé ojú rẹ̀ ò rí wíwé náà mọ́, wáyà lásán ló rí. Ọ̀gá Àgbà náà rí wáyà lásán, ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ni tirẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà wúkọ́.

"Kámẹ́rà ya ẹni tó pa á. Ẹni náà mọ̀, ó sì padà wá yọ káàdì. Ó gbọ́n níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó gidi kì í fi kámẹ́rà sílẹ̀ lófìfo. Ó fi káàdì tuntun sí i. Lẹ́yìn náà..." Abẹ́rẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ síwájú ojú Àbúrò. "Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Èèyàn méjì ló ń ṣe báyìí nínú igbó yìí. Ọ̀kan ti kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún."

Àbúrò wo ọwọ́ náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Àwòrán funfun lẹ rí, mà. Ṣé ẹ rí orúkọ lára ẹ̀? Kámẹ́rà máa ń ṣe wèrè tí òjò bá kàn án. Tó bá tó yín lẹ́rìí, ẹ gbé e lọ sí kóòtù."

Òótọ́ ló sọ, Abẹ́rẹ́ sì mọ̀. Ọgbọ́n orí lòun fi mú un, adájọ́ kì í sì í fi ọgbọ́n orí ọlọ́pàá rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé lásán á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó mu omi. Ọ̀gá Àgbà ti ń wo aago, ó ti ń wo gbohùngbohùn láti ojú fèrèsé.

Abẹ́rẹ́ tú ìwé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà.

"Ó dáa. Kó o tó máa lọ, jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ sọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. "'Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ̀yin àgbà, àmì ẹ̀yẹ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ọmọ ìyá mi wà láàárín yín. Gbogbo ọjọ́ tí mo lò nínú igbó, òun ló wà lẹ́yìn mi. Ẹ má pè é ní Àbúrò mọ́. Orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́ ni kí ẹ máa pè é láti òní lọ. Kó dìde, kó wá bá mi gbà á.'" Ó gbójú sókè. "Orúkọ rẹ ló kọ tẹ̀ lé e."

"Irọ́ ni," Àbúrò wí.

"Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Bi í."

Àbúrò yíjú sí opó náà. Obìnrin náà wò ó títí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Òótọ́ ni," ó wí.

Àbúrò fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rọra jókòó sílẹ̀.

"A jọ jáde ni," ó wí. "Mo bi í lójú ọ̀nà. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa dárúkọ mi? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tọrọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró di aago mẹ́rin. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òkúta ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Ó fẹ́ dìde, mo tún là á mọ́ ọn. Ó ń wò mí, mo tún là á mọ́ ọn." Ó gbá orí ara rẹ̀ mú. "Ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni! Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni, mo sì pa á!"

"Wáyà ńkọ́?" Abẹ́rẹ́ béèrè, bí ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù.

"Mo fẹ́ kí wọ́n gba orúkọ òun náà. Kí a jọ wà láìlórúkọ."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n mú un jáde.

*

Sájẹ́ǹtì mú ìwé náà lórí tábìlì kó lè fi í sínú fáìlì. Ó kà á. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún padà ka iwájú.

"Mà, ohun tí ẹ kà ò sí níbí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá ẹ̀ méjèèjì, ó sì dárúkọ wọn. Àbúrò ò sí níbẹ̀ rárá."

"Mo mọ̀wé kà, Sájẹ́ǹtì."

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà kan," opó náà wí. "Ó ní kí n ya ìwé yẹn, kí n kọ òmíràn. Ó ní tí òun bá dárúkọ ẹ̀ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun náà já mọ́ nǹkan kan."

Sájẹ́ǹtì na ìwé náà sí Abẹ́rẹ́. "Ó ti jẹ́wọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un. Èèyàn ò lè gbé irú èyí dọ́jọ́ ikú."

"Kó wá mọ̀ pé ohun tóun rò nípa ẹ̀gbọ́n òun ló rí bẹ́ẹ̀? Kó máa sun oorun àsùnwọra?" Abẹ́rẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún opó. "Rárá o."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Àgbà rí ohùn. Ayẹyẹ á tẹ̀ síwájú, òun fúnra òun lòun máa sọ̀rọ̀ nípa akọni náà, ọ̀rẹ́ òun, igi lẹ́yìn ọgbà òun. Ní ti ilé, òfin fún opó òṣìṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta kó tó kó jáde. "Oṣù mẹ́ta gbáko, mà," ó sọ fún obìnrin náà, bíi pé àpò tirẹ̀ ló ti mú un jáde. Obìnrin náà ní òun máa gba àmì ẹ̀yẹ náà, òun á sì ka ìwé ọkọ òun bó ṣe wà, láìyọ, láìfikún.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣì wà lẹ́nu géètì nígbà tí aago mẹ́rin lù. Àbúrò wà lẹ́yìn, láàárín Sájẹ́ǹtì àti ọlọ́pàá kan, ó na ọrùn sí ojú fèrèsé. Gbohùngbohùn ń ké láti àgbàlá. Ọ̀gá Àgbà sọ tirẹ̀ tán, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, ó sì kan ohùn opó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi," Àbúrò bẹ Abẹ́rẹ́ tó jókòó níwájú. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Kí wọ́n kàn pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ká wá máa lọ."

Opó náà ti bẹ̀rẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà..."

"Máa wakọ̀," Abẹ́rẹ́ sọ fún dírẹ́bà.

Ọkọ̀ gbéra. Ohùn náà ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń yà sí títì, títí kò fi sí ẹni tó lè mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Àtẹ́wọ́ tún sọ lókèèrè.

"Ṣé wọ́n ti pè é?" Àbúrò di apá Sájẹ́ǹtì mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dè. "Etí yín dá ju tèmi lọ. Ṣé orúkọ mi ni wọ́n pè yẹn?"

Sájẹ́ǹtì wo ìpàkọ́ Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ò bojú wẹ̀yìn.

"Òun ni," Sájẹ́ǹtì wí. "Ìwọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá irin ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ẹni tó dá a dúró.